Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń wọ́: ṣé fọ́máàtì ló kàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù mi ti lé lọ́dún mẹ́wàá. RAM ẹ̀ 4GB, díìsìkì ẹ̀ 500GB, irú èyí tó ń yí, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Kí n tó tàn án kí Chrome sì tó ṣí, mo ti lè wẹ̀ kí n wọṣọ. Àwọn kan ní kí n fọ́máàtì ẹ̀, kí n gbé Windows mìíràn lé e láti ìpìlẹ̀, pé á dà bí tuntun. Àwọn kan ní kí n má da ara mi láàmú, kí n lọ ra òmíràn. Ta ni kí n gbọ́? Bí mo bá sì máa ṣe é, ṣé Reset tó wà nínú Settings ti tó, àbí fílàṣì ni kí n lò?

* * *

Ẹ má tíì fọ́máàtì nǹkan kan. Ẹ tan kọ̀ǹpútà náà, ẹ jẹ́ kó ṣe gbogbo wàhálà ẹ̀ tán, ẹ má ṣí ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ wá tẹ Disk 0. Bí ẹ bá rí 100% níbẹ̀, tí ohun tó ń kà kò sì ju MB kan tàbí méjì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọwọ́ ti ba ẹlẹ́ṣẹ̀ nìyẹn.

Díìsìkì tó ń yí lè ka fáìlì ńlá kan tó tò lẹ́sẹẹsẹ ní bí 100MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò burú. Àmọ́ nígbà tí Windows bá ń gbéra, kì í ṣe fáìlì ńlá kan ló ń kà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń wá kiri, orí tó ń kàwé nínú díìsìkì náà sì gbọ́dọ̀ rìn lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrìn kan máa ń gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ni pé kò lè rìn ju bí ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó parí. SSD, ìyẹn díìsìkì ìgbàlódé tí kì í yí, ò ní orí kankan tó ń rìn. Kódà èyí tó ń lo SATA, ọ̀nà ìsopọ̀ àtijọ́, tí kò lè kọjá bí 550MB ní ìṣẹ́jú-àáyá, ibi àwọn fáìlì kéékèèké yìí ló ti ń fi díìsìkì tó ń yí sílẹ̀ pátápátá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fura sí àwọn tó ń búra pé fọ́máàtì ló sọ kọ̀ǹpútà àwọn di tuntun. Ẹ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn á ní ọjọ́ yẹn gan-an làwọn fi SSD sí i. Ni fọ́máàtì bá ń gba ọpẹ́ tó tọ́ sí SSD.

Ẹ lọ wá CrystalDiskInfo, sọ́fítíwíà tó ń yẹ ìlera díìsìkì wò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí i, kí ẹ sọ ohun tó kọ.

* * *

Ẹnìkan ní òun ò pààrọ̀ díìsìkì kankan, fọ́máàtì lásán lòun ṣe, òun sì rí ìyàtọ̀. Mo gbà á gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Windows tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ ò tíì ní Teams, ò tíì ní sọ́fítíwíà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ò tíì ní gbogbo àwọn tó máa ń bá a jí láràárọ̀. Gbogbo wọn ṣì ń padà bọ̀, torí ẹ̀yin náà lẹ máa fọwọ́ ara yín gbé wọn padà. Bó bá jẹ́ àwọn yẹn ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lè pa wọ́n láti ibi Startup nínú Task Manager yẹn kan náà, láìfọwọ́ kan fáìlì kankan.

Ibi tí mi ò ti ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí fọ́máàtì rèé: kọ̀ǹpútà tó kó fáírọ́ọ̀sì, tí ẹ ò mọ ibi tó wọ̀ dé. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí; èmi ò ní tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé báńkì mi sórí Windows tí ẹlòmíì lò kù. Windows 7 tí wọ́n gbé 8 lé, tí wọ́n tún gbé 10 lé ìyẹn. Àti èyí tí fáìlì Windows fúnra ẹ̀ ti bàjẹ́, tí ẹ ti lo sfc /scannow àti DISM, àwọn àṣẹ tí Windows fi ń tún ara ẹ̀ ṣe, tí wọn ò rí i tún ṣe.

Ẹlòmíì rán wa létí pé àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tí eMMC 32GB, ìyẹn ibi ìpamọ́ kékeré, wà mọ́ ojú pátákó wọn, tí kò ṣeé yọ. Òótọ́ ni. Lórí irú ìyẹn, Windows 10 àti àwọn ìmúdójúìwọ̀n ẹ̀ nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè tán. Fọ́máàtì á fún yín ní ìsinmi díẹ̀, ká wá tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ò ní gbé Windows sórí ẹ̀ mọ́.

Kí n tó gbàgbé: eruku. Bí ooru bá pọ̀ jù, prósẹ́sọ̀ á dín eré ara ẹ̀ kù kó má baà jóná. Kò sí Windows tó lè gbá eruku kúrò nínú fáànù.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà dé. CrystalDiskInfo kọ Caution fún un, ó wà ní àwọ̀ ìyeyè, níwájú Current Pending Sector ó kọ 000000000010. Ó ní ṣé mẹ́wàá nìyẹn.

Rárá. Bí ẹ ò bá yí ètò ẹ̀ padà, hexadecimal, ìyẹn òǹkà tó ń fi mẹ́rìndínlógún kà dípò mẹ́wàá, ni CrystalDiskInfo fi ń kọ àwọn iye yẹn. 10 tó wà níbẹ̀ jẹ́ 16. Ibi mẹ́rìndínlógún lórí díìsìkì yín ló ń ṣòro kà, díìsìkì náà ò sì tíì pinnu bóyá kó pa wọ́n tì tàbí kó máa lò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́. Ẹ má ṣe Reset, ẹ má ṣe defrag, ẹ má ṣe chkdsk /r báyìí. Gbogbo ìyẹn iṣẹ́ àṣelàágùn ni fún díìsìkì tó ń ṣàìsàn, ẹ ò sì tíì kó ẹrù yín jáde.

Àwọn kan á sọ pé, àní wọ́n ti ń sọ ọ́, pé ẹ fọ́máàtì ẹ̀ pátápátá, kì í ṣe Quick Format, pé iye yẹn á padà sí òdo. Ó ṣeé ṣe kó padà sí òdo lóòótọ́. Bí ẹ bá kọ nǹkan sórí ibi tó ń ṣòro kà, díìsìkì á yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá dára á fi ibòmíì tó ní nípamọ́ rọ́pò ẹ̀. Pending á lọ sílẹ̀, Reallocated á sì gòkè. Ohun tó ń ba ojú díìsìkì náà jẹ́ ò kúrò níbẹ̀. Mo ti rí àwọn díìsìkì tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n tún ṣiṣẹ́ pẹ́, mo sì ti rí èyí tí kò rí òpin oṣù. Ẹ lè fi irú ẹ̀ pa fíìmù mọ́. Ẹ má gbé Windows lé e, ẹ má fi àwòrán ọmọ síbẹ̀.

Nítorí náà, bóyá kẹ́ ẹ ra SSD tàbí kẹ́ ẹ má rà á ò sí nínú àríyànjiyàn mọ́ ní tiyín. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rò: SSD lẹ máa gbé Windows lé, díìsìkì àtijọ́ á jáde bó ṣe wà. Ẹ ò ní pa nǹkan kan rẹ́. Ohun tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ lè padà wá mú un, bí díìsìkì náà bá ṣì gbà fún yín. Mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé “bí” yẹn ṣá, ẹ kó gbogbo ẹ̀ jáde nísinsìnyí.

* * *

Ibi kíkó ẹrù yìí gan-an ni àwọn èèyàn ti ń padánù nǹkan, kì í ṣe ibi fọ́máàtì.

Documents, Pictures, Desktop, Downloads, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Ó kù AppData, tí Windows fi pamọ́ sábẹ́ orúkọ yín nínú Users. Ẹ̀gbọ́n kan gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́máàtì ẹ̀ fún un níbòmíì. Àwòrán pé, ìwé pé, orin pé. Sticky Notes ló ń sunkún lé lórí, àwọn bébà ìyeyè yẹn, ibẹ̀ ló ń kọ orúkọ oníbàárà àti ohun tí kálukú jẹ ẹ́ sí. Fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ plum.sqlite ni gbogbo ẹ̀ wà, nínú fọ́dà LocalState ti Sticky Notes, lábẹ́ AppData, Local, Packages. Fáìlì tí kò tóbi tó àwòrán kan. Ẹni tó ṣe fọ́máàtì náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Documents tí wọ́n ní kó kó ló kó.

Torí náà, gbogbo fọ́dà Users ni kẹ́ ẹ kó, kẹ́ ẹ má ṣa á. Sọ́fítíwíà ìṣirò owó àti ti ṣọ́ọ̀bù tún máa ń fi àkọsílẹ̀ sí ProgramData, tàbí kó dá fọ́dà tiẹ̀ sórí C: tààrà, ẹ ṣí sọ́fítíwíà náà, kí ẹ wo ibi tó ń tọ́ka sí. Ẹ gbé bookmark àti àwọn ọ̀rọ̀ ìwọlé jáde látinú bíráwúsà. Bó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà yìí ni ohun tó ń fún yín ní kóòdù ìwọlé ẹlẹ́ẹ̀kejì wà, ẹ gbé e lọ sórí fóònù kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹni tó ní “gbogbo nǹkan mi wà lórí OneDrive”, ẹ lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti kọ̀ǹpútà mìíràn. Desktop lè wà níbẹ̀ kí Downloads má sí. Bí BitLocker, àgádágodo Windows, bá wà lórí díìsìkì, ẹ wá kóòdù ìgbàpadà ẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 48 kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, torí láìsí i, díìsìkì náà ò ní ṣí lórí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Bẹ́ ẹ bá kó o tán, ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí mélòó kan wò, àgàgà fídíò tó gùn àti fáìlì zip. Lórí díìsìkì tó ní pending, ó ṣeé ṣe kí orúkọ fáìlì pé kí inú ẹ̀ má pé.

* * *

Lórí Reset àbí fílàṣì. Ní tẹni tó béèrè, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: SSD tuntun ṣófo, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe Reset fún níbẹ̀. Àmọ́ àríyànjiyàn yìí ò tán lẹ́nu àwa yòókù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Reset tó bá lo Local reinstall, inú àwọn fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn náà ló ti ń kọ́ Windows mìíràn. Bí wọ́n bá ti bàjẹ́, ara ohun tó bàjẹ́ ló fi ń kọ́ ọ. Cloud download sàn jù ú lọ, àmọ́ Windows fúnra ẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé ó lè jẹ dátà tó lé ní 4GB. Bẹ́ ẹ bá sì mú Keep my files, sọ́fítíwíà yín á lọ, fáìlì yín á kù, tòun ti ohun tó bá fara pamọ́ sáàárín wọn. Ẹni tí díìsìkì ẹ̀ le, tí kò ní fáírọ́ọ̀sì, tó kàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kó ṣe Reset, kò sí àléébù. Kọ̀ǹpútà àlòkù tàbí èyí tó kó àrùn, fílàṣì ni.

* * *

Ìbéèrè tó ń padà wá ṣáá: “Mi ò ní product key, ṣé mi ò ní pàdánù Windows mi?” Láti Windows 8 wá, inú pátákó kọ̀ǹpútà ni iléeṣẹ́ tó ṣe é máa ń fi key sí. Èyí tí Windows 10 ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, Microsoft ti dá a mọ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ojú ibi tó ti ń béèrè key, ẹ tẹ I don't have a product key, kẹ́ ẹ mú irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: Home fún Home, Pro fún Pro. Bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, á mọ ara ẹ̀. Pípààrọ̀ díìsìkì kì í ba ìyẹn jẹ́, pípààrọ̀ pátákó ló ń bà á jẹ́.

Àwọn tó ń rò pé key Windows 7 tó lẹ̀ mọ́ ìdí láptọ́ọ̀pù á ṣí Windows 10 fáwọn, Microsoft ti ilẹ̀kùn yẹn ní 2023. Àwọn tó ti kọjá kó tó tì í ò ní ìṣòro.

Ẹnìkan fi orúkọ activator kan síbẹ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣí Windows lọ́nà ẹ̀bùrú. Ohun tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa Defender, ẹ̀ṣọ́ Windows tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, kí òun tó ṣiṣẹ́, kí lẹ rò pé ó fẹ́ ṣe tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí? Ẹ fọ́máàtì tán nítorí fáírọ́ọ̀sì, ẹ tún fọwọ́ ara yín pè é wọlé.

* * *

Ó kan gbígbé Windows lé e gan-an, ibẹ̀ ò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Fílàṣì 8GB ó kéré tán, gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ á pa rẹ́. Media Creation Tool tàbí Rufus lẹ máa fi gbé Windows sórí fílàṣì náà. Bọ́tìnì tẹ́ ẹ máa tẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra yàtọ̀ síra, F12 lórí àwọn kan, F9 tàbí Esc lórí àwọn mìíràn.

Ohun tó ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni èyí tó máa ń kọ pé Windows cannot be installed to this disk, tó sì ń dárúkọ GPT tàbí MBR, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pín díìsìkì. Díìsìkì ò bàjẹ́. Fílàṣì àti díìsìkì ni kò bá ara wọn mu. Bí fílàṣì bá gbéra ní UEFI, ọ̀nà ìgbéra tuntun, GPT ló ń fẹ́. Bó bá gbéra ní Legacy, ọ̀nà àtijọ́, MBR ló ń fẹ́. Nínú Rufus, ẹ mú èyí tó bá BIOS yín, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, mu látìbẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní UEFI, ẹ lò ó.

Bẹ́ ẹ bá dé ibi tó ti ń to àwọn ìpín díìsìkì sílẹ̀, Drive 0 Partition 1, Partition 2, ẹ pa gbogbo wọn rẹ́ títí Unallocated Space nìkan á fi kù, ẹ mú un, ẹ tẹ Next. Ẹ má dá ìpín kankan fúnra yín, Windows á ṣe ìyẹn. Àwọn tó ń ní ká fi Recovery iléeṣẹ́ sílẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Windows ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú sọ́fítíwíà ìdánwò tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ Delete, kí díìsìkì mìíràn má sí lára kọ̀ǹpútà náà. Ẹ yọ ọ́. Drive 0 àti Drive 1 máa ń jọra lójú ẹni tí oorun ń kùn.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo BIOS bóyá SATA wà lórí IDE tàbí AHCI. AHCI ni kó wà. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé tẹ́ ẹ wá yí i lẹ́yìn tí Windows ti délẹ̀, ojú búlúù Inaccessible Boot Device lẹ máa rí.

* * *

Mo mọ̀ pé ìjà á bẹ́ níbí: Windows wo?

Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Ẹni tó bá wọ ètò ESU, ìmúdójúìwọ̀n ààbò àfikún, lè máa gba ààbò títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2026. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, prósẹ́sọ̀ Intel rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè, yàtọ̀ sí díẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó lé lọ́dún mẹ́wàá ò sí níbẹ̀.

“Rufus lè yọ ìdènà yẹn.” Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè yọ ọ́, mo sì mọ àwọn tó ń lò ó wọ́ọ́rọ́wọ́. Microsoft ò ṣèlérí ìmúdójúìwọ̀n fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣá o. Láti ẹ̀dà Windows 11 tó ń jẹ́ 24H2, prósẹ́sọ̀ àtijọ́ tí kò bá mọ àwọn àṣẹ tí wọ́n ń pè ní SSE4.2 ò ní gbéra rárá, kò sí ohun tí Rufus lè ṣe sí ìyẹn. Kọ̀ǹpútà ìdárayá, ẹ ṣe é. Kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń jẹun, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀.

Linux Mint Xfce, èyí tó ń rọ́pò Windows, ni èmi máa ń gbé lé irú èyí, Mint 22 sì ní àtìlẹ́yìn títí di 2029. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ ni pé ẹ lè tan kọ̀ǹpútà láti orí fílàṣì, kẹ́ ẹ wo Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan díìsìkì. Àwọn olólùfẹ́ Linux kì í fẹ́ sọ ìyókù, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́: Photoshop ò sí níbẹ̀, Excel tó kún fún macro ò ní ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan á sì fojú yín rí màbo. Bó bá jẹ́ Chrome, fíìmù àti lẹ́tà kíkọ ni iṣẹ́ yín, ẹ má wo ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà 32-bit nìkan ló yàtọ̀: Mint 22 ò gbà á, Debian 13, irú Linux mìíràn, náà ti jáwọ́ ńbẹ̀. Debian 12 ṣì ń gbà á.

Ó ku RAM. Bí àyè bá wà fún 8GB, ẹ fi sí i. 4GB pẹ̀lú Chrome, kódà SSD á kàn máa fara dà á ni.

* * *

Ẹni tó béèrè tún kọ̀wé: SSD ti wọlé, Windows 10 ti délẹ̀, ó ń gbéra kíákíá. Àmọ́ Windows kọ̀, kò mọ ara ẹ̀, gbogbo ojú-ìwé tó bá ṣí sì ń kọ Your connection is not private. Àwọn kan ti ní kó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ẹ wo déètì tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo fẹ́ gbà pé ọdún tí wọ́n ṣe láptọ́ọ̀pù yẹn ló wà níbẹ̀. Bátìrì kékeré orí pátákó ló ti kú, CR2032, 3V. Nígbà tẹ́ ẹ tú u láti fi SSD sí i, tẹ́ ẹ yọ bátìrì ńlá, aago gbàgbé ara ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ààbò ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Lójú kọ̀ǹpútà yín, wọn ò tíì bí èyíkéyìí nínú wọn. Activation náà ń gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Ẹ fọwọ́ tún déètì ṣe, ẹ lọ sí Activation, ẹ tẹ Troubleshoot. Lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ bátìrì náà, ṣùgbọ́n ẹ ṣí ibẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó rà á: lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, okùn kékeré wà lára tiẹ̀ tó ń wọ inú pátákó, èyí tí wọ́n ń tà lásán ò sì ní wọlé síbẹ̀.